Afẹ́fẹ́ Ẹ̀yìn Òkè àti Ọgbọ́n Orí Àga

Kí ọ̀rọ̀ tó gùn, n kò wa bàlúù rí, yálà èyí tó ní ẹ́ńjìnnì tàbí èyí tí kò ní. Orí àga ni mo ti ń fi èrò gun òfuurufú, orí àga yìí náà ni mo sì ti ń já bọ́. Gíláídà ló fà á, bàlúù tí kò ní ẹ́ńjìnnì rárá. Bàlúù mìíràn yóò fi okùn fà á gòkè, awakọ̀ yóò já okùn náà sílẹ̀, á wá ku òun àti apá gígùn méjì àti afẹ́fẹ́ Ọlọ́run. Láti ìgbà náà lọ, gíláídà ò yé wálẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó lè gbé e ròkè ni pé kí afẹ́fẹ́ tó yí i ká máa gòkè kíákíá ju bí òun ṣe ń wálẹ̀ lọ. Kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ìpìlẹ̀ tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè lóye yìí ni mo kọ́ ilé àṣìṣe alájà púpọ̀ lé, pàápàá nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí àwọn tó ń fi gíláídà gun ìgbì afẹ́fẹ́ lẹ́yìn òkè ńláńlá títí dé ibi tí bàlúù akérò kì í dé. Mo ti to àwọn àṣìṣe náà jọ, mo sì rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn: ibi tí ara bá ti tù mí ni mò ń pè ní ibi ààbò, ibi tó bá ti ń mì ni mò ń sá fún. Lẹ́yìn òkè, òdìkejì èyí ló sún mọ́ òótọ́, àwọn tó gbọ́n jù mí lọ fíìfíì náà sì ti ṣi irú rẹ̀ ṣe.

Ẹ wo ibi tí mo gbé awakọ̀ sí ná. Afẹ́fẹ́ kọlu òkè, kò rí ọ̀nà gbà, ó gun òkè náà: nítorí náà, iwájú òkè, níhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ni kí awakọ̀ dúró sí. Ẹ̀yìn òkè ńkọ́? Afẹ́fẹ́ ń wọ́ lulẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá lọ síbẹ̀ ń wá ikú ni. Èrò yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Iwájú òkè ni àwọn ará Jámánì tó kọ́kọ́ sọ gíláídà di eré ìdárayá ti ń gbéra, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ga ju orí òkè náà lọ. Ní 1933 ni Hans Deutschmann àti Wolf Hirth bá afẹ́fẹ́ kan pàdé lẹ́yìn àwọn òkè Riesengebirge, nítòsí Grunau ní ilẹ̀ Silesia tó ti di ara Poland báyìí. Afẹ́fẹ́ ọ̀hún ń gbé wọn ròkè níbi tó yẹ kó ti gbá wọn mọ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bí afẹ́fẹ́ bá wà létòlétò, tí èyí tó wúwo wà nísàlẹ̀ tí èyí tó fúyẹ́ wà lókè, ìwọ̀nba tí òkè bá tì sókè yóò rí i pé òun wúwo ju àwọn aládùúgbò òun tuntun lọ. Á já wálẹ̀. Eré tó bá wálẹ̀ á gbé e kọjá ibi tó yẹ kó dúró, àwọn tó bá nísàlẹ̀ á tún tì í padà sókè, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa gòkè tí yóò máa sọ̀ lọ lẹ́yìn òkè náà. Ìgbì yìí kì í ṣí nípò. Afẹ́fẹ́ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Awakọ̀ tó bá dojú kọ afẹ́fẹ́ níbi tí ìgbì ti ń gòkè lè dúró sójú kan, kí aago ìsáré iwájú rẹ̀ máa sọ pé òun ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí, kí ọmọdé tó ń wò ó láti ilẹ̀ sì máa bèèrè ìdí tí bàlúù yẹn fi so rọ̀. (Ẹni tó bá ti ń ronú àtigbé gíláídà lọ sí Òkè Ìdànrè, kó fara balẹ̀. Òkè wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ líle tó ń ré òkè kọjá ní ìbú, tó sì ń le sí i bí a ṣe ń ròkè, kì í sábà sí ní agbègbè tiwa.)

Gíga ìgbì náà tún tàn mí jẹ. Mo gbà pé òkè kò lè gbé ènìyàn ga jù bí òun fúnra rẹ̀ ti ga lọ, bóyá pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀nì díẹ̀. Òkè Whitney ló ga jù ní Sierra Nevada ní California, 4,421 mítà ni. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì 1961, Paul Bikle fi gíláídà Schweizer 1-23E dé 14,102 mítà lórí ìgbì òkè Sierra yìí kan náà. Láti ibi tó rẹlẹ̀ jù tó dé lẹ́yìn tó já okùn sílẹ̀ dé ibi tó ga dé, 12,894 mítà ni, kò sì sí ẹlòmíràn tó tíì jèrè gíga tó bẹ́ẹ̀ lórí gíláídà oníjòókòó kan. Bikle yìí ni ọ̀gá ibùdó NASA ní Edwards, níbi tí wọ́n ti ń dán bàlúù rọ́kẹ́ẹ̀tì X-15 wò nígbà náà. Ọkùnrin tó ní rọ́kẹ́ẹ̀tì níkàáwọ́ ló lọ jókòó sínú ohun tí kò ní ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú ìbomú ọ́síjìn, láìwọ aṣọ afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo awakọ̀, nínú otútù tó ju ìwọ̀n Celsius 50 lọ nísàlẹ̀ òdo. N kò mọ ẹni tí n bá tún fi ṣe ẹlẹ́rìí pé ìṣirò mi kò dára.

Àwọsánmà wá parí rẹ̀. Lórí ìgbì òkè, àwọsánmà kan máa ń wà tó gùn, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí etí rẹ̀ dán, tí kì í rìn. Ohun tó bá dúró jẹ́ẹ́, mo ní kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Àṣé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń sáré débi pé ó lè gbé ilé lọ: ọ̀rinrin ń di àwọsánmà bó ṣe ń gòkè ní etí iwájú, ó ń yọ́ dànù bó ṣe ń sọ̀ ní etí ẹ̀yìn, èyí tuntun sì ń dípò rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Lábẹ́ rẹ̀, nítòsí ilẹ̀, àwọsánmà mìíràn wà tó fàya, tó dọ̀tí, tó ń yí gbirigbiri. Ìyẹn ni rótọ̀, afẹ́fẹ́ tó ń yí po lábẹ́ ìgbì. Inú rẹ̀ ni gíláídà sábà máa ń là kọjá kó tó dé orí ìgbì. Yóò gbọn awakọ̀ débi pé orí rẹ̀ á fẹ́ kan ìbòrí gíláàsì. Lẹ́yìn èyí, lójijì, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Bàlúù á máa gòkè láìmì, láìhó, awakọ̀ á sì lè fi ìka méjì péré di ọ̀pá ìdarí mú. Níbí ni mo ti mí kanlẹ̀ fún un lórí àga mi: ó ti yọ!

Kò tíì yọ. Ibi tó ti bọ́ kúrò nínú gbígbọ̀n yẹn gan-an ni ìwọ̀n atẹ́gùn ti ń dín kù. Ní 5,500 mítà, ìlàjì ohun tó wà létí òkun ló kù. Ní nǹkan bí 7,600 mítà, ẹni tí ìbomú ọ́síjìn rẹ̀ bá yọ ní ìṣẹ́jú 3 sí 5 tó ṣì lè fi ṣe ohun tó mọ́gbọ́n dání. Ní nǹkan bí 12,000 mítà, kò ju ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20 lọ. Èmi ní temi rò pé èémí yóò há mi, ọkàn mi yóò máa lù kì-kì-kì, n óò sì mọ̀ pé ewu dé. Ara kì í fi bẹ́ẹ̀ kìlọ̀. Àìtó ọ́síjìn kì í ṣe bí ìgbà tí wọ́n fún ni lọ́rùn, nítorí èyí tó ń mú kí ọ̀fun ha ni ẹ̀gbin èémí tó kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, awakọ̀ sì ń mí i jáde geere. Ohun tó sábà máa ń dé ni ìtura, ìgboyà, àti inú dídùn tí kò nídìí. Ẹni tí ẹmu ti gbé ló ń búra pé ojú òun ṣì dá, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀mùtí ní ọ̀rẹ́ tó lè gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí òfin Amẹ́ríkà fi ní kí awakọ̀ máa lo ọ́síjìn láìdáwọ́ dúró bó bá ti kọjá nǹkan bí 4,270 mítà, bó rẹ̀ ẹ́ bí kò rẹ̀ ẹ́. Òfin náà kò béèrè bó ṣe ń ṣe é lára, nítorí ẹni tí wọn ì bá bi kò sí ní ipò ẹlẹ́rìí mọ́. Joachim Küttner, onímọ̀ ojú ọjọ́ tó fi ẹ̀kọ́ ìgbì yìí ṣe iṣẹ́ ìwádìí, gun gíláídà tí yàrá awakọ̀ rẹ̀ wà ní ṣíṣí ní 1937 dé nǹkan bí 6,800 mítà láìní ọ́síjìn kankan. Ó sọ̀ kalẹ̀ láàyè, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó kú. Mo fi orí rẹ̀ ṣàdúrà, n kò ní fi ìwà rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹnì kan lè dá mi dúró níbí pé rótọ̀ ni apànìyàn, kì í ṣe ìgbì tó tẹ́jú. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 1955, nínú ìwádìí tí wọ́n ń ṣe ní Bishop ní California, rótọ̀ fa gíláídà Larry Edgar ya lójú òfuurufú. Páráṣúùtì ló gbé e délẹ̀ láàyè. Edgar kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì, òun àti Harold Klieforth ló ti jọ gun gíláídà oníjòókòó méjì dé 13,489 mítà níbẹ̀ ní 1952. N kò jiyàn pé rótọ̀ ń pani. Ohun tí mò ń sọ ni pé awakọ̀ tó bá rí i yóò ti di ìgbànú rẹ̀ le kó tó wọ̀ ọ́, yóò ti so páráṣúùtì mọ́ra, gbogbo ara rẹ̀ yóò ti wà lójúfò. Rótọ̀ tó burú jù ni èyí tí kò ní ọ̀rinrin tó lè fi ya àwòrán ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 1966, bàlúù akérò BOAC kan, Boeing 707, gbéra ní Tokyo ní ọ̀sán gangan, ojú ọ̀run mọ́ kedere, Òkè Fuji sì hàn nínú yìnyín rẹ̀ bí ẹni pé kí wọ́n wá yà á ní fọ́tò. Ní ẹ̀yìn òkè náà ni afẹ́fẹ́ ti já a sí wẹ́wẹ́. Ènìyàn 124 ló bá a lọ. Bí wọ́n bá bi mí ní àárọ̀ ọjọ́ náà, n óò ní kò sí ọjọ́ tó dára tó báyìí.

Ìtura yìí ní àwọn ẹ̀tàn kéékèèké mìíràn. Aago ìsáré kì í wo eré gan-an, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ihò rẹ̀ ló ń wò. Nítorí náà, ní 12,000 mítà níbi tí afẹ́fẹ́ ti fọ́nká, eré tòótọ́ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ohun tó ń sọ, apá bàlúù sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n títí yóò fi ṣẹ́ nígbà tí aago náà ṣì ń fọkàn awakọ̀ balẹ̀. Oòrùn ń ràn yòò lókè nígbà tí òjìji òkè ti bo àfonífojì tó fẹ́ balẹ̀ sí, tí ilẹ̀ ibẹ̀ ti ṣú. Àlàfo tó gbà gòkè láàárín àwọsánmà lè pa dé lábẹ́ rẹ̀ láìdún, kó wá ku òun àti àwọsánmà funfun tí òkè olókùúta wà nínú rẹ̀. Kò sí èyí tó mì nínú gbogbo wọn.

Ìyẹn di ti àtijọ́, ni ẹlòmíràn yóò wí, ẹ̀rọ ti yanjú rẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Einar Enevoldson, tó ti ń dán bàlúù wò fún NASA, rí i pé ní ìgbà òtútù níhà òpin ayé, afẹ́fẹ́ kan ń sáré yí òpin náà ká lókè pátápátá, tó ń jẹ́ kí ìgbì òkè máa ga lọ níbi tí ì bá ti parí. Òun àti Steve Fossett lọ sí El Calafate ní Argentina, wọ́n sì dé 15,460 mítà ní oṣù Kẹjọ 2006. Aṣọ afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bò wọ́n ló dá wọn padà: ó wú nínú yàrá tóóró náà débi pé àtiyí ọwọ́ padà di ìṣòro. Perlan 2 tó tẹ̀lé e ní yàrá tí wọ́n fún ní afẹ́fẹ́ tó tó, Jim Payne àti Tim Gardner sì fi dé ibi tó ju 22,000 mítà lọ ní oṣù Kẹsàn-án 2018. Ibẹ̀ ti ga ju nǹkan bí 19,000 mítà lọ, níbi tí itọ́ ẹnu ẹni tí kò bá ní ààbò ti ń hó láìgbóná ju ara lọ. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kó ṣiṣẹ́ ni pé kò sí ẹni tó gbà pé ibẹ̀ tura. Gbogbo ìdè ni wọ́n yẹ̀ wò. Fossett kan náà yìí ni bàlúù kékeré ẹlẹ́ńjìnnì gbé jáde ní àárọ̀ ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án 2007, fún ìrìn-àjò ráńpẹ́. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n rí àfọ́kù bàlúù náà ní Sierra Nevada, àwọn olùwádìí ìjọba Amẹ́ríkà sì sọ pé afẹ́fẹ́ tó ń já wálẹ̀ ló borí agbára tí bàlúù náà fi lè gòkè.

Èwo wá ni ti wàhálà yìí, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rán wọn níṣẹ́? Ìbéèrè tó dáa ni, mo sì ti ń fi fẹlá ní ojú àwọn ọ̀rẹ́ mi títí mo fi mọ̀ pé mò ń jẹ nínú èrè rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ ní Grunau àti Bishop ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ mọ ọjọ́ tí ìgbì yóò wà lẹ́yìn òkè àti bó ṣe le tó, kí wọ́n sì kìlọ̀ fún bàlúù akérò. Nígbà mìíràn, bàlúù ń lọ geere, kọfí kò dà, awakọ̀ á ṣàdédé ní kí gbogbo ènìyàn di ìgbànú, kí àwọn tó ń pín oúnjẹ lọ jókòó. Kò sí ohun tó mì. Àwọn èrò á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé kí ló dé, ṣé òun ò rí bí ibi gbogbo ṣe pa rọ́rọ́ ni, ohùn tèmi a sì máa ròkè jù láàárín wọn.