Ẹlẹ́wọ̀n Tó Fún Wọ́dà Mẹ́rin Lóyún

Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó gbé e mì ná kó tó ka èyí. Ìjọba wọ obìnrin láṣọ iṣẹ́, ó kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó ń sanwó oṣù fún un pé kó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀daràn; òun náà ló wá lọ lóyún fún ọ̀daràn ọ̀hún. Kì í ṣe ẹyọ kan o. Mẹ́rin! Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ni gbogbo oyún náà, oyún márùn-ún sì ni, nítorí ọ̀kan nínú wọn gba ti àkọ́kọ́ tán, ó tún padà lọ gba òmíràn. Méjì nínú wọn fín orúkọ ọkùnrin náà sára, ọ̀kan sí ọrùn, èkejì sí ọrùn ọwọ́. Ọrùn ni mo wí o, kì í ṣe abẹ́ aṣọ. Ṣé kò sí ìyá nílé ni, àbí kò sí dígí?

Baltimore ló ti ṣẹlẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Maryland, l'Amẹ́ríkà. Baltimore City Detention Center ni wọ́n ń pe ọgbà ẹ̀wọ̀n náà nígbà náà. Orúkọ ìlú ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n láti 1991 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti gbà á lọ́wọ́ ìlú, tí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì ti di ẹrù wọn. Ní 1859 ni wọ́n ti kọ́ apá kan nínú ilé ọ̀hún. Àwọn tí ẹjọ́ wọn kò tíì parí ló kún ibẹ̀. Tavon White, tí wọ́n ń pè ní Bulldog, débẹ̀ ní 2009 nítorí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ pa èèyàn. Ẹni tó yẹ kó máa gbààwẹ̀, kó máa bẹ lọ́yà, òun ló di bàálé. Òun ni ọ̀gá níbẹ̀ fún ẹgbẹ́ Black Guerilla Family, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n San Quentin ní California ní 1966, tó sì ti ibẹ̀ ràn dé Maryland.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu ọkùnrin yìí jáde. Ní oṣù kìíní 2013, ó wà lórí fóònù, ó ń fọ́nnu fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun lòun ni ọgbà ẹ̀wọ̀n náà, pé ọ̀rọ̀ tí òun bá sọ níbẹ̀ labẹ gé, kò sí ohun tó lè kọjá kí òun má mọ̀. Àwọn agbófinró ń gbọ́ ọ. Wọ́n ti di etí mọ́ ìlà fóònù náà, wọ́n ń gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: fóònù wo? Ta ló ní kí ẹlẹ́wọ̀n ní fóònù lọ́wọ́? Èèwọ̀ pátápátá ni, ọkùnrin yìí sì ń lò ó bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó tún ní oṣù tí ọjà kò tà rárá, nǹkan bíi dọ́là 16,000 ló wọlé fún òun. Oṣù tí ọjà kò tà! Mo mọ àwọn tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ kùtùkùtù, tí wọn kò tíì rí irú owó bẹ́ẹ̀ lójú àlá.

Ọjà wo ló ń tà? Igbó, tábà, oògùn ìrora tí dókítà nìkan ló yẹ kó kọ fúnni, àti fóònù fúnra rẹ̀. Fàyàwọ́ gbáà ni. Àwọn wọ́dà ló ń gbé e wọlé fún un, wọ́n á tọ́jú ẹ̀ sínú pátá, wọ́n á tọ́jú ẹ̀ sínú irun, àwọn mìíràn á sì tọ́jú ẹ̀ síbi tí n kò ní í kọ sínú ìwé yìí, torí ọmọdé lè kà á. Owó rẹ̀ kì í gba ọwọ́ kan ọwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rajà, ẹbí rẹ̀ nílé á lọ ra káàdì owó Green Dot nínú ìsọ̀, wọ́n á ka nọ́ńbà 14 tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n á fi ránṣẹ́ lórí fóònù, owó ti wọlé nìyẹn. Àwọn tó ṣètò yìí kì í ṣe dìndìnrìn o. Ká ní wọ́n lo orí yẹn sí òwò gidi, bóyá à bá máa kí wọn ní báńkì.

Ìwé ẹ̀sùn tí ìjọba kọ tún sọ pé mọ́tò Mercedes-Benz àti BMW wà nínú ohun tí àwọn wọ́dà kan ń gùn nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Òrùka dáyámọ́ńdì náà kò gbẹ́yìn. Ẹlẹ́wọ̀n ló ń ra òrùka fún wọ́dà! Ọmọbìnrin tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ìjọba ń wa Mercedes lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń kí i pé ẹ kú àárọ̀, kò sí ẹni tó bi í pé níbo lo ti rí i.

Ibi tó dùn mí jù lọ rèé. Ìwé FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, sọ pé ẹgbẹ́ náà ń kọ́ àwọn ọmọ wọn tuntun ní irú obìnrin tí wọ́n máa dojú kọ nínú àwọn wọ́dà: èyí tí kò ka ara rẹ̀ sí nǹkankan, èyí tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, èyí tí ìrísí rẹ̀ bá irú kan mu tí wọ́n ti dárúkọ. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ojú obìnrin bí ẹni ń wo ìlẹ̀kẹ̀ lọ́jà. Nígbà tí obìnrin ọ̀hún bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ti gbọ́ ọ. Háà. Mo bínú sí wọn, ṣùgbọ́n àánú wọn ṣe mí níbẹ̀, kí n má purọ́.

Àwọn kan ti ń sọ pé obìnrin ló ba ibẹ̀ jẹ́, kí wọ́n má gba obìnrin síṣẹ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ o. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ẹnu ọ̀nà àbáwọlé àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn tó dúró níbẹ̀ láti yẹ ara ẹni wò, ẹlẹgbẹ́ ẹni ni wọ́n. Wọ́n á bojú wo àpò, wọ́n á ní kó máa lọ. Ìwádìí fi hàn pé àyẹ̀wò ẹnu ọ̀nà yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀; ògiri tó lanu yìí, àwọn ọ̀gá ló ni ín, kì í ṣe ọmọ tó lóyún. Ní 2010, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà tún ṣe òfin kan tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ wọ́dà tí wọ́n bá fẹ́ fìyà jẹ. Òfin tó dáa ni lójú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n FBI ní ó mú kó ṣòro láti lé èyí tó ń hùwà ìbàjẹ́ kúrò. Kí wọ́n tó wádìí rẹ̀ délẹ̀, ọmọ ti dé.

Gbogbo ọjọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ní oṣù kẹrin 2013, Rod Rosenstein, agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ ní Maryland nígbà náà, tó padà di igbákejì mínísítà ètò ìdájọ́ lábẹ́ Trump, fi orúkọ èèyàn 25 tí wọ́n fẹ̀sùn kàn síta: wọ́dà 13, gbogbo wọn obìnrin, ẹlẹ́wọ̀n 7, àti ará ìta 5. Gómìnà Martin O'Malley wà ní Israel nígbà tí ìròyìn náà bẹ́. Nígbà tó fèsì, ohun rere ló pè é, pé ó fi hàn pé àwọn ń mú ọ̀daràn. Ohun rere? Ọmọ márùn-ún nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n rẹ! Inú ìlú kò dùn sí i. Gary Maynard, ẹni tó ń darí ọgbà ẹ̀wọ̀n gbogbo ìpínlẹ̀ náà, ló tilẹ̀ gbé e léra rẹ̀ pé òun ni kí wọ́n bá wí. Ó kó ọ́fíìsì rẹ̀ wá sínú ọgbà náà, ó ní kí wọ́n yẹ àwọn ọ̀gá ibẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń mọ irọ́. Kí ọdún tó parí, ó ti kúrò nípò. Wọ́n tún gbé ẹ̀rọ kan wá sí Baltimore tó ń yọ fóònù tí ìjọba kò fọwọ́ sí sọ́tọ̀, tí kì í jẹ́ kó lè pe ẹnikẹ́ni. Ó ti pẹ́ jù kí wọ́n tó ronú sí i.

Orúkọ ń pọ̀ sí i títí ó fi di 44, wọ́dà 27 nínú wọn. Ogójì nínú wọn ló jẹ̀bi. Wọ́n dá mẹ́ta sílẹ̀, ọ̀kan ti kú kí ẹjọ́ tó parí. Èèyàn 35 ló gbà lójú ara wọn pé àwọn jẹ̀bi. Mẹ́jọ ló ní àwọn kò gbà, ló bá di ìgbẹ́jọ́ láti oṣù kọkànlá 2014. Ta ni ẹ rò pé ó gun orí àga ẹlẹ́rìí láti tú àṣírí wọn? Tavon White fúnra rẹ̀! Òun tó ní òun lòun ni ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó ti gbà pé òun jẹ̀bi tipẹ́, ó wá ń ka orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún adájọ́. Ẹ wo irú ẹni tí wọ́n fín sọ́rùn. Ọdún 12 ni wọ́n sọ ọ́ sí ní oṣù kejì 2015, wọ́n sì ní kó máa ṣe é pọ̀ mọ́ ogún ọdún tó gbà lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ pa èèyàn. Wọn kò fi ọjọ́ kan lé e, èyí tó tún ń bí mi nínú.

Ní ọjọ́ 30, oṣù keje 2015, gómìnà tuntun, Larry Hogan, ní kí wọ́n ti ọgbà náà pa. Gbogbo wa ní ó parí nìyẹn.

Ó parí kẹ̀? Ní oṣù kẹwàá 2016, ìjọba àpapọ̀ tún jáde pẹ̀lú ẹ̀sùn, ìpínlẹ̀ Maryland kan náà. Ọgbà Eastern Correctional Institution ní Westover ni ó kàn báyìí, ìlú kékeré lẹ́yìn omi Chesapeake Bay, tí kò sí ariwo Baltimore níbẹ̀. Èèyàn 80: wọ́dà 18, ẹlẹ́wọ̀n 35, ará ìta 27. Oògùn Suboxone tí wọ́n ń rà ní dọ́là 3 níta, dọ́là 50 ni wọ́n ń tà á nínú ọgbà. Bí wọ́n bá fẹ́ túlé, wọ́dà á ti ta ẹlẹ́wọ̀n lólobó. Bí ẹlẹ́wọ̀n kan bá sì fẹjọ́ wọ́dà sùn, wọ́n á sọ orúkọ rẹ̀ fún àwọn tó lọ́bẹ. Wọ́n gún àwọn kan lọ́bẹ bẹ́ẹ̀. Owó tí wọ́dà ń gbà lórí ẹrù kan, ìwé ẹ̀sùn ní dọ́là 500 ni. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta péré, fún gbogbo ìyẹn! Àwọn ti Baltimore tilẹ̀ rí Mercedes gùn.