Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀nà Funfun Ilẹ̀ Chianti

Ẹ̀yin Ọ̀nà Funfun ilẹ̀ Chianti tí mo bọ̀wọ̀ fún,

Mo kí yín o. Ẹ kú eruku, ẹ kú òkè, ẹ sì kú àlejò tí kì í tán nílẹ̀ yín. Mo gbà pé ara yín le níbẹ̀ yẹn, láàárín Florence àti Siena ní ilẹ̀ Ítálì, níbi tí ẹ ti ń gba àárín ọgbà àjàrà àti igi ólífì kọjá, tí ẹ ń gun òkè níhìn-ín, tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ẹni tí kò níṣẹ́ mìíràn. Ara àwa tí a fi kẹ̀kẹ́ gba orí yín ni kò le. Láti ìgbà tí mo ti padà dé London ni mo ti ń ro ohun tí màá sọ fún yín, mo sì pinnu pé gbangba ni màá ti sọ ọ́, kí àwọn tó ń gbọ́ lè bá wa dá sí i.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ló kọ́kọ́ ń dùn mí: òkúta wẹ́wẹ́ funfun lásán lẹ jẹ́. Nílé wa ní Nàìjíríà, bí ọ̀nà kan bá wà láìní ọ̀dà, ìtìjú ni. Ará àdúgbò á kọ̀wé títí, wọ́n á gbé pátákó dání lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ẹni tó ń du ipò á sì gbé kátápílà wá nígbà tí ìbò bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ìbò bá ti lọ, kátápílà náà á bá a lọ. Ẹ̀yin ńkọ́? Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ní kí ọ̀dà má kàn yín! Ní 1997, Giancarlo Brocci kó àwọn agunkẹ̀kẹ́ 92 jọ sí ìlú Gaiole kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ àtijọ́ gba orí yín, kí ayé lè mọ̀ pé ẹ níyì. L'Eroica, ìyẹn ìrìn akọni, ni wọ́n pè é. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá síbẹ̀ nínú oṣù kẹwàá, owó ni wọ́n sì ń san kí wọ́n tó lè jẹ eruku yín. Mo mọ àwọn àdúgbò kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ti ń jẹ eruku lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìgbà tí mo ti dáyé. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní akọni.

Kì í sì í ṣe kẹ̀kẹ́ tó bá wu èèyàn ni wọ́n ń gbà lọ́jọ́ náà. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe kí 1987 tó dé ni òfin wí: irin gidi, jíà tí ọwọ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lára férémù, wáyà bíréèkì tó yọ síta lókè, pẹ́dà tí wọ́n fi awọ so ẹsẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni pé bí èèyàn bá ń já bọ̀ láti orí òkè, tí òkúta wẹ́wẹ́ ń yọ̀ lábẹ́ táyà rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan sílẹ̀ kó tó lè pààrọ̀ jíà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà ní dídè. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló bá yín ro èyí? Wọ́n á tún wọ ẹ̀wù onírun àgùntàn, wọ́n á gbé táyà kọ́ èjìká bí ọdẹ ṣe ń gbé àpò kọ́. Àgbàlagbà tó nílé tó bímọ ni mò ń sọ o.

Ẹjọ́ tèmi gan-an wà lórí òkè Brolio. Mo mọ̀ pé ilé olódi àwọn Ricasoli ló wà lókè níbẹ̀, ìdílé Bettino tó ṣe olórí ìjọba Ítálì, tí òun náà kọ lẹ́tà tirẹ̀ ní 1872 láti ṣàlàyé irú èso àjàrà tí wọ́n ń pò pọ̀ di wáìnì Chianti. Ọlá wọn kò fara sin. Ṣùgbọ́n ṣé dandan ni kí ẹ to igi sípírẹ́sì sọ́tùn-ún sósì, kí èèyàn máa wo ẹwà, kó má baà rí i pé òkè náà ń ga sí i? Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́. Bàbá arúgbó kan gun kẹ̀kẹ́ irin kọjá lára mi, ó ń kọrin. Ó bojú wẹ̀yìn, ó sì kí mi kú iṣẹ́. Ìkíni yẹn ni kò tíì kúrò lára mi.

Oúnjẹ ńkọ́? Níbi tí wọ́n ti ń sinmi lójú ọ̀nà L'Eroica, ribollita ni wọ́n ń bù fún èèyàn: ọbẹ̀ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti búrẹ́dì àná, ó sì ki dáadáa. N kò ní ohun tí màá sọ sí ìyẹn, ó dùn. Wáìnì tó ń tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ bi yín. Ẹni tí òkè ṣì ń dúró dè níwájú lẹ ń bu ọtí pupa fún! Ẹ má sọ pé ẹ kò mọ̀ pé ọtí àti kẹ̀kẹ́ kì í ṣọ̀rẹ́. Ní oṣù karùn-ún 2022, ní ìlú Jesi, ní ẹkùn Marche tó bá ẹkùn Tuscany yín pààlà, Biniam Girmay ọmọ Eritrea borí ní ìpele kan nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ Giro. Òun ni aláwọ̀ dúdú Áfíríkà àkọ́kọ́ tó borí irú ìpele bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá mẹ́ta lágbàáyé. Inú wa ń dùn. Ọmọ náà dé orí pèpéle, ó ń ṣí ìgò prosecco, ìdérí fò, ó bà á lójú, bó ṣe kúrò nínú ìdíje nìyẹn. Òkè kò rí i mú, ọtí ló mú un. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ pọn ọtí yẹn, ṣùgbọ́n ẹbí yín ni.

Àwọn ìlú yín náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Orí òkè ni Castellina wà, orí òkè ni Radda wà, Volpaia tilẹ̀ ga jù wọ́n lọ. Ó yé mi pé ogun Florence àti Siena ló lé wọn sókè, tí wọ́n fi mọ odi. Siena ti ṣubú láti 1555! Àwọn ará Ìdànrè náà gbé orí òkè, nígbà tí ayé rọ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ta ni yóò lọ sọ fún Radda?

Àrékérekè yín kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé nígbà tí ìjà ààlà sú Florence àti Siena, wọ́n fẹnu kò pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan rán ẹlẹ́ṣin kan jáde bí àkùkọ bá ti kọ. Ibi tí àwọn méjèèjì bá ti pàdé ni ààlà. Siena mú àkùkọ funfun, wọ́n fún un lóúnjẹ títí ó fi yó bámúbámú. Florence mú àkùkọ dúdú, wọ́n sé e mọ́ inú àpótí láìfún un ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí à ń wí, ebi kò jẹ́ kí dúdú sùn; ilẹ̀ kò tíì mọ́ tó fi kọ. Ẹlẹ́ṣin Florence ti rìn jìnnà kí funfun tó lajú. Fonterutoli ni wọ́n ti pàdé, nítòsí Siena níbẹ̀, bí Chianti ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti Florence tán nìyẹn. Nígbà tí Cosimo Kẹta tó jọba Tuscany fi òfin pààlà ilẹ̀ wáìnì náà ní 1716, àkùkọ ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tipẹ́. Ẹ tún ń fi ṣe fáàrí! Àkùkọ dúdú yẹn ló wà lára ìgò Chianti Classico títí dòní. Ìdíje àkọ́kọ́ lórí yín, ìrẹ́jẹ ni wọ́n fi borí rẹ̀.

Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun náà kò bọ́ lọ́wọ́ yín. Láti 2007 ni ìdíje Strade Bianche ti ń kó wọn wá bá yín. Ní 2018 òjò rọ̀, eruku di ẹrẹ̀, a kò mọ ta ni ta mọ́. Fabian Cancellara gba ìdíje náà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ abala kan lára ọ̀nà rẹ̀. Tadej Pogačar fi gbogbo àwọn tó ń bá a díje sílẹ̀ ní 2024 nígbà tó ku kìlómítà 81, ó dá nìkan lọ. Nígbà tó padà wá ní 2025, ó ṣubú pẹ̀lú ẹ̀wù olúborí àgbáyé lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀wù ya, ó dìde, ó tún borí. Bí ẹ bá sì ti lò wọ́n tán, Siena lẹ ń kó wọn dà sí, ní Via Santa Caterina, níbi tí òkè ti ń fi mítà 16 ga nínú ọgọ́rùn-ún mítà, kí wọ́n tó já sí Piazza del Campo. Gbàgede tí ẹṣin ti ń sáré ní ọjọ́ 2 oṣù keje àti ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ni. Ojú tí wọ́n fi ń wo èèyàn níbẹ̀ ti yé mi.

Ṣùgbọ́n ohun tó bí mi nínú jù, màá sọ ọ́ kí n tó dákẹ́. Mo wá kòtò lórí yín kí n lè fi kún ẹ̀sùn. N kò rí tó bí mo ṣe fẹ́. Gọ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kí òjò lè ríbi gbà, ibi tó bá jẹ, wọ́n á da òkúta sí i, wọ́n á tẹ́ ẹ. Wọn kò da ọ̀dà lé yín, wọn kò sì pa yín tì. Àwọn aláṣẹ wa tó ń fi àìsí owó ọ̀dà ṣe àwáwí fún kòtò, ẹ̀yin lẹ dójú tì wọ́n, ẹ kò tilẹ̀ mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má jẹ́ kí ẹnu mi lé yín sá. Kò dìgbà tí oṣù kẹwàá bá dé. Ojú ọ̀nà L'Eroica, kìlómítà 209, ní àmì jálẹ̀ ọdún, ọ̀fẹ́ ni, kẹ̀kẹ́ tó bá wù yín lẹ lè gbé lọ. Táyà tó fẹ̀ díẹ̀ ni kí ẹ wá, kí ẹ sì mu wáìnì yín lálẹ́.