Aago Òmùwẹ̀ fún Ẹni Tí Kò Mọ̀wẹ̀

Aago eré ìdárayá olówó gọbọi jẹ́ aago onírin tí wọ́n sábà ń ṣe fún iṣẹ́ àṣelàágùn, tí wọ́n sì ń tà fún ẹni tí kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun ni wọ́n ń so mọ́wọ́ pẹ̀lú jíǹsì àti bùbá ọjọ́ Sátidé.

Aago òmùwẹ̀ ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí Rolex Submariner jáde ní 1953, ó lè bá òmùwẹ̀ dé ìsàlẹ̀ omi ní mítà 100. Tòde òní lè dé 300. Òrùka tó yí ojú rẹ̀ ká kì í yí ju apá kan lọ. Bí nǹkan bá ṣèèṣì gbá a, yóò fi hàn pé òmùwẹ̀ ti pẹ́ jù lómi, kò ní í sọ pé afẹ́fẹ́ ṣì kù nígbà tó ti tán. Lórí Afárá Third Mainland nílùú Èkó, òrùka yìí kan náà ni wọ́n fi ń ka iye ìṣẹ́jú tí mọ́tò ti dúró lójú kan. Ọ̀sà wà nísàlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní in lọ́kàn láti bọ́ sínú rẹ̀. Àwọn aago òmùwẹ̀ kan tilẹ̀ ní ihò tí gáàsì hẹ́líọ́ọ̀mù ń gbà jáde, nítorí òmùwẹ̀ tó ń sun ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú yàrá abẹ́ òkun. Bí òjò bá sì ṣú, olówó aago á kì í bọ àpò. Kí ẹni tó fẹ́ rà á ṣọ́ra ṣá: aago tí wọ́n kọ mítà 30 sí lára kò ju kí ènìyàn fi ṣanwọ́ lọ.

Ti awakọ̀ ìdíje ni Rolex Daytona, tó jáde ní 1963. Wọ́n ta èyí tí òṣèré Paul Newman lò ní New York ní 2017, ní mílíọ̀nù 17.75 dọ́là. Ìyàwó rẹ̀ ló rà á fún un, tó fín ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí ó rọra wakọ̀.

Aago irú kẹta kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ju kí ó ṣáà wà lọ́wọ́. Ní 1969 ni Seiko gbé aago oníbátìrì Astron jáde ní Japan, ìyẹn sì mú àkókò ju ti Switzerland lọ. Ní 1972, ilé iṣẹ́ Audemars Piguet ti Switzerland fèsì: wọ́n gbé Royal Oak jáde, aago irin tí Gérald Genta yàwòrán rẹ̀, tí ìdè mẹ́jọ hàn gbangba lójú rẹ̀, wọ́n sì fi owó lé e ju ọ̀pọ̀ aago wúrà lọ. Mìlímítà 39 ló fẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní Jumbo. Lónìí, 44 kò jọ ẹnikẹ́ni lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lórí ọrùn ọwọ́ tó tín-ín-rín, ó dà bí ọmọrí ìkòkò.

Owó nìkan kò tó láti ra àwọn tó lókìkí jù nínú aago wọ̀nyí. Ẹni tó ru owó dé ṣọ́ọ̀bù, orúkọ ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó lọ máa retí. Ọjà tí oníbàárà ń bẹ ọlọ́jà nìyẹn.

Ní ti àkókò, aago tó gbàwé ẹ̀rí nílẹ̀ Switzerland lè fi ìṣẹ́jú-àáyá 6 yára lójúmọ́. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, ó ti ṣìnà tó iye tí Casio F-91W oníke lè fi ṣìnà lóṣù kan.

Ìrìn ọwọ́ ló ń fún aago aládàáṣe lókun. Bí wọ́n bá bọ́ Submariner tòde òní sílẹ̀ fún bíi wákàtí 70, yóò dákẹ́. Ẹni tó ní mẹ́rin, tí ọwọ́ rẹ̀ kò ju méjì lọ, á ra àpótí tó ń fi iná mànàmáná yí wọn káàkiri. Bí wọ́n bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ni yóò máa bá a ṣe eré ìdárayá náà.