Ọjọ́ Tí Agbádá Gbé Háàpù Mì

Àṣejù, baba àṣetẹ́; bí mo bá ti rántí òwe yìí nígbà tí ọmọ àǹtí mi ní kí n wá ta háàpù nígbà tí òun bá ń jó wọlé ìdána rẹ̀ ní Peckham ní ìlú London, ǹ bá ti ní kí ó lọ wá onígángan kún onígángan. Ṣùgbọ́n ẹnu mi yá ju ọgbọ́n mi lọ: mo ní orin Handel ni n óo fi mú un wọlé, orin háàpù tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ní Covent Garden ní oṣù Kejì ọdún 1736.

Kí ẹ tó fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Háàpù ńlá tí ẹ máa ń rí láàrin ọ̀kẹ́sírà ní okùn 47 àti pẹ́dà méje nídìí, ọgbọ́n tí Sébastien Érard gba ìwé àṣẹ lé lórí ní London ní 1810: bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sún pẹ́dà E ní ìpele kan, gbogbo E, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ni yóò gbéra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọwọ́ méjèèjì kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Tèmi kò ní pẹ́dà. Okùn 34 ló ní, irin kékeré tí à ń pè ní lífà sì wà lọ́rùn okùn kọ̀ọ̀kan, tí a óo gbé kí ohùn okùn náà tó gòkè ní ìdajì ohùn; ọwọ́ òsì la fi ń gbé e, ọwọ́ kan náà tó yẹ kó máa ta ohùn ìsàlẹ̀. E márùn-ún, lífà márùn-ún, ọwọ́ kan.

Orin Handel yìí bẹ̀rẹ̀ nílé B flat, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí yóò fi yà sílé F, níbi tí E flat ti gbọ́dọ̀ di E gidi. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mú irú orin bẹ́ẹ̀ wá sórí háàpù onílífà, kì í ṣe ohùn ni yóò máa wá kiri bí kò ṣe àyè: ibo ni ọwọ́ òsì ti lè sinmi, ohùn wo ni ọwọ́ ọ̀tún lè bá a rù, èwo la lè jù nù tí etí kò ní béèrè rẹ̀? Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń tẹ ìwé orin jáde, tí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé ó wà fún háàpù gbogbo, tí wọ́n gba owó gọbọi lọ́wọ́ ẹni, tí wọn kò sì fi àmì lífà kan ṣoṣo sínú rẹ̀! Àwọn oníháàpù ńlá náà tún ń wo tiwa bí ohun ìṣeré ọmọdé, nígbà tó jẹ́ pé háàpù ìlà mẹ́ta àwọn ará Wales, tí kò ní pẹ́dà kankan, ni Handel kọ orin náà fún.

Mo wá àyè, mo rí àyè, mo fi lẹ́ẹ̀dì pupa sàmì sí i. Nílé, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn mi, orin náà ń ṣàn.

Ọjọ́ pé. Agbádá sányán ni mo wọ̀, sányán baba aṣọ. Ìyàwó yọ lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ìbòjú, mo bẹ̀rẹ̀, àǹtí mi sì fi ìpẹ́ gèlè nu ojú. Ìgbà tó kan àyè tí mo sàmì sí, mo na ọwọ́ òsì sókè, lífà E dún “ká”, ó gbéra. Ṣùgbọ́n apá agbádá tí mo ti ká lé èjìká já wálẹ̀, ó sì bo gbogbo lífà mọ́lẹ̀. Bí mo ti fa ọwọ́ padà, aṣọ kò tẹ̀ lé e: ó di lífà A tí mo ti gbé kí n tó jókòó mú, ó fà á wálẹ̀, èyí tí kò fà wálẹ̀, ó tì í sókè. B òkè di B gidi, B ìsàlẹ̀ ṣì jẹ́ B flat, àwọn méjèèjì ń ja ìjà orogún. Mo fà, háàpù bá mi bọ̀. Mo tì, ó bá mi lọ. Apá mi há sókè bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn, ọwọ́ ọ̀tún, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún, ṣì ń ta Handel.

Ìyàwó dúró láàrin gbọ̀ngàn, ó sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìbòjú pé, “Bọ̀dá, kí lẹ ń tà yìí?”

Alága, tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ pa rọ́rọ́, gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn: “Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn! Bàtá Òyìnbó rèé o!” Onígángan gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn àna wa jó jáde, wọ́n ń lẹ owó pọ́n-ùn mọ́ mi níwájú orí, ọ̀kan já sáàrin okùn ìsàlẹ̀, ó sì ń dún zíì. Bí mo ti ń jà láti tú ara mi sílẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rò pé mò ń jó lórí ìjókòó, tí wọ́n sì ń ná mi tó. Ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n ikú kò sí nítòsí. Àǹtí mi ló bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí: “Bọ́ ọ sílẹ̀, jàre!” Mo yọ́ jáde lábẹ́ agbádá, mo fi í sílẹ̀ lórí háàpù, ẹnì kan sì tún lọ lẹ owó mọ́ agbádá náà níbi tó dá wà.

Mo ti tún orin náà tò. Níbi tí ọwọ́ ọ̀tún bá ti nílò E gidi lókè, tí ìsàlẹ̀ kò sì béèrè E, lífà kan péré ni mo ń gbé, n kò yọ àwọn yòókù lẹ́nu. Ẹ lọ bi pẹ́dà bóyá ó lè ya E kan sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn arákùnrin rẹ̀. Àmì lífà wà ní pupa lójú ewé gbogbo, lókè ojú ewé kìíní ni mo sì kọ ìkìlọ̀ sí fún ẹni tó bá fẹ́ yá a lọ́wọ́ mi: BÙBÁ NÌKAN.