Bọ̀dá Gíráǹtì Dé

Ilé-ẹ̀kọ́ girama wo ló wà ní Òkè-Ògùn tí kò tíì gbà á lálejò? Ní Ilua níbí, lápá Òkèhò, ojúlùmọ̀ wa ni. Hílúùsì tó háyà láti Ìbàdàn ló máa ń gbé e wá, bánnà á wà lẹ́yìn ọkọ̀, fọ́tógíráfà á jókòó síwájú. Fìlà aṣọ òfì ló máa ń dé, Lẹ́kí ló ti rà á. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló gba Ìsẹ́yìn kọjá, níbi tí wọ́n ti ń hun irú rẹ̀, kò tilẹ̀ ní kí dírẹ́bà rọra sáré. Bọ̀dá Gíráǹtì là ń pè é lẹ́yìn. Lójú rẹ̀, "Dáírẹ́kítọ̀" ni o, bí ẹ bá fẹ́ kí orúkọ ilé-ìwé yín wọ inú rípọ́ọ̀tù.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gbowó lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tí wọn kò fẹ́ kí àṣà parun, kí ó wá fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìlù, ijó, eré orí ìtàgé àti iṣẹ́ ọnà. Iṣẹ́ gidi ni, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Kò sì sẹ́ni tó mọ ìwé ìtọrọ owó kọ tó o. Nínú ìwé náà, ọmọ Ilua kò gbọ́ ìlù rí, kò gbọ́ àlọ́ rí, òṣì ti gba ijó lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ka ìwé ọ̀hún sétí àwọn ará Ilua fúnra wọn, àánú á ṣe wọ́n, wọn á dáwó jọ fún ìlú náà.

Lọ́jọ́ ìṣíde, kábíyèsí á rán olóyè kan wá, Bọ̀dá Gíráǹtì á sì kó èdè rẹ̀ jáde: ìmpákìtì, kapásítì, stékhódà. Ọ̀gá ilé-ìwé á máa mi orí. Nígbà tó yá, ó rọra fẹnu sí i létí:

"Dáírẹ́kítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, páànù gbọ̀ngàn yìí ń jò. Bóyá ẹ lè bá wa wá nǹkan ṣe sí i."

"Ẹ má bínú sà, kò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Àwọn fúńdà wa kì í ra páànù."

Kí ni wọ́n wá máa ń rà? Òtẹ́ẹ̀lì ní Ìsẹ́yìn, epo ọkọ̀, owó kọ́ńsọ́tàǹtì, bíírò tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí lára, gálà, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti tíṣáàtì. (Tíṣáàtì náà nípọn o. A ṣì ń rí i lára àwọn tó ń kọ ebè.)

Olùkọ́ ìlù tó gbé wá láti Èkó kó jẹ́ńbè dání. Ìlù tó dùn ni jẹ́ńbè, àwọn ará Màlí àti Gínì ló ni ín. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn ọmọ, ó ní, "Ìlù àwọn baba ńlá yín rèé." Ọmọ àyàn kan wà níjókòó, tó ti ń bá bàbá rẹ̀ ròde ìnáwó láti ìgbà tí apá rẹ̀ kò tíì ká gángan. Ó nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyáàlù ńkọ́?" Olùkọ́ ní kò burú, kí ìyá rẹ̀ náà máa bọ̀ lọ́la, ètò àwọn kò yọ obìnrin sílẹ̀.

Ẹ̀rín pa kíláàsì. Fọ́tógíráfà sáré ya ẹ̀rín náà, òun ló sì wà níwájú rípọ́ọ̀tù: ayọ̀ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú kan ìlù.

Fọ́ọ̀mù ńkọ́? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n bi àwọn ọmọ bóyá wọ́n mọ ìlù ìbílẹ̀ kankan, wọ́n sì ti ṣẹ́jú sí wọn kí wọ́n mú "rárá". Lọ́jọ́ tí wọ́n kádìí ètò, ìbéèrè kan náà, wọ́n ní kí wọ́n mú "bẹ́ẹ̀ ni". Báyìí ni ìmọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ní Òkè-Ògùn. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní CCA, ẹ̀kọ́ àṣà àti iṣẹ́ ọnà, láti JSS 1, tí ìjọba ti fi sínú ìwé ẹ̀kọ́ tipẹ́, kò sí nínú fọ́ọ̀mù náà. Kíláàsì rẹ̀ ni wọ́n yá, wọn kò ka òun fúnra rẹ̀ sí nǹkan kan.

Ẹni tó bá ní ká má gbowó àjèjì rárá, èmi ò bá a lọ. Owó Rockefeller Foundation ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá fi lo oṣù mẹ́fà nílé ẹ̀kọ́ eré oníṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1962, ibẹ̀ ni eré Lánkẹ́ Ọ̀mùtí, tó jáde nínú ìtàn Amos Tutuola, ti wáyé. Ẹgbẹ́ Mbari tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1961 gbowó lọ́wọ́ Congress for Cultural Freedom; ẹ̀yìn ìgbà náà layé tó gbọ́ pé CIA ló wà nídìí ẹgbẹ́ tó ń fúnni lówó yẹn. Síbẹ̀ ìwé jáde, eré jáde. Ní Òṣogbo, oníná ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀ ni Jimoh Buraimoh nígbà tó wọ ẹ̀kọ́ ọnà tí wọ́n ń ṣe ní Mbari Mbayọ̀. Ó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ fún àwòrán onílẹ̀kẹ̀. Ọwọ́ oníṣẹ́ ọnà lowó náà dé.

Ti Bọ̀dá Gíráǹtì kì í débẹ̀. Bàbá ọmọ àyàn yẹn kò jìnnà sílé-ìwé. Ọjọ́ ìparí ni wọ́n ránṣẹ́ sí i kí ó wá fi ìlù kí àwọn àlejò. Ó kì wọ́n títí dórí orílẹ̀ tí wọn kò mọ̀ pé àwọn ní. Owó tí wọ́n fún un, abẹ́ "ìnáwó wẹ́wẹ́" ni wọ́n kọ ọ́ sí, pẹ̀lú omi inú ọ̀rá. Wọ́n ká bánnà, wọ́n kó jẹ́ńbè padà sẹ́yìn ọkọ̀, nítorí ilé-ìwé mìíràn ń dúró dè wọ́n níwájú.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé ní Kájọlà, Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, yóò tún dé ní táàmù tó ń bọ̀. Ẹ má lé e. Ẹ fún un níjókòó, ẹ fún un lómi. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó buwọ́ lu lẹ́tà rẹ̀, ẹ ní kí ó kó bọ́jẹ́ẹ̀tì jáde, kí ẹ wo iye tó kọ síwájú onílù ìlú yín àti tíṣà CCA yín. Bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, kí ó máa gbé bánnà rẹ̀ lọ.