Oríkì Ayọ̀-bí-ilá, Ọba Inú Gíláàsì

Kábíyèsí o! Àyàn, rọra lù ú ná, kí n kọ́kọ́ júbà. Mo júbà pálọ̀ tí wọ́n gbé àpótí ẹja sí. Mo júbà fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn. Mo júbà ọmọ tó da oúnjẹ ẹja sómi láàárọ̀, ìyá rẹ̀ tó da tirẹ̀ lé e lọ́sàn-án, àti bàbá tó dé lálẹ́ tó ní, "Ẹja wọ̀nyí ò tíì jẹun o." Àwọn ló fi ìwọ, nǹkan aláwọ̀ ewé inú omi tí òyìnbó ń pè ní algae, jọba. Afọbajẹ là á kọ́kọ́ kí ká tó kan ọba.

Ayọ̀-bí-ilá, ọkọ gíláàsì!
Kò ní gbòǹgbò, kò yọ òdòdó, kò so èso,
Ó gbalẹ̀ ju ẹni tó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.
Ó bo òkúta, ó bo pọ́ǹpù,
Ó bo ilé alámọ̀ kékeré tí wọ́n rà kí ẹja lè máa gba inú rẹ̀ kọjá.
Àlejò wọlé, ó ní, "Ṣé nǹkan ń bẹ nínú eléyìí?"
Bàbá onílé ní, "Ẹja ni. Ẹ ṣáà tẹjú mọ́ ọn."
Ẹni tí a nù lónìí, tó padà dé lọ́la láìránṣẹ́ pè é!

Ògbómọ̀ṣọ́ ni ààfin rẹ wà, ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí Tákìẹ́. O sì ní ẹ̀ka ní Ọ̀yọ́, lọ́nà Òwódé, níbi tí àbúrò bàbá onílé ti ra àpótí tirẹ̀ nítorí pé ẹ̀gbọ́n rà. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ ni n ó kì pẹ́, torí ibẹ̀ ni ọlá pọ̀ sí.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Ọ̀yọ́ Mèsì méje ló ń yan Aláàfin, Baṣọ̀run sì ni olórí wọn. Ìkánjú ni Baṣọ̀run tìrẹ. Ọjọ́ tí wọ́n ra àpótí ni wọ́n ra ẹja, ọjọ́ náà ni wọ́n pọn omi, ọjọ́ náà ni wọ́n da góòlùfíìṣì mẹ́fà sí i. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé omi ní láti gbó kó tó di ilé? Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù a máa di amóníà, amóníà a sì máa jó ẹja níbi tó fi ń mí. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ní í sọ amóníà di náítíráìtì tí òun náà ní oró. Àwọn mìíràn ní í sọ náítíráìtì di náítíréètì tí ẹja lè fara dà bí kò bá pọ̀ jù. Ara òkúta àti inú fọ́ọ̀mù fílítà ni wọ́n ń gbé, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n sì ń lò kí wọ́n tó pọ̀ tó iṣẹ́ náà. Bàbá onílé ò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àlejò ń bọ̀ ní Sátidé.

Ẹja mẹ́rin kú. Wọ́n ní omi kànga ni. Ìyàwó ilé ní ojú àwọn tó ń wọlé wá wò ó ni. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ayé ni. Ìwọ ò sọ̀rọ̀, Ayọ̀-bí-ilá. Ẹni tó ń jogún kì í bá wọn sunkún. Náítíréètì tó gbẹ̀yìn gbogbo ìyẹn, ìṣákọ́lẹ̀ rẹ ni.

Àrẹ̀mọ rẹ aláwọ̀ ilẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, ìyẹn eruku pupa rúsúrúsú tí í bo àpótí tuntun. Tí wọ́n bá fi sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á bá tirẹ̀ lọ. Wọn ò fi sílẹ̀. Wọ́n tú gbogbo omi dànù, wọ́n fọ fọ́ọ̀mù lábẹ́ ẹ̀rọ omi títí ó fi funfun báláú. Gbogbo òṣìṣẹ́ àìfojúrí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó jọ bá omi lọ, kílórínì inú omi ẹ̀rọ pa èyí tó kù, ìlú tún di ahoro. Nígbà náà ni ìwọ fúnra rẹ wá gorí ìtẹ́.

Ọlọ́lá tí kì í san owó iná!
Oòrùn fèrèsé ń tàn fún un lọ́sàn-án,
Gílóòbù pálọ̀ ń tàn fún un lóru.

Ẹ wo ìwà ọmọlúàbí tí o fi kọ́ àwọn ẹja tó kù. Lóṣù Ẹrẹ́nà, tí ooru Ògbómọ̀ṣọ́ ń bá èèyàn wọ ibùsùn, iná a lọ lálẹ́, pọ́ǹpù a dákẹ́. Omi tó bá wà ní ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 8.3 ọ́síjìn nínú lítà kan; tó bá gbóná dé 30, ó já sí bíi 7.5. Góòlùfíìṣì, tí àwọn ará Ṣáínà ti ń sìn láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, omi tútù ló mọ́ ọn lára. Ìwọ náà sì wà níbẹ̀ tí ò ń bá wọn pín ọ́síjìn náà mí, nítorí lóru, ohun aláwọ̀ ewé gbogbo ń mí gẹ́gẹ́ bí ẹja. Nígbà tó bá fi di ìdájí, gbogbo ẹja á ti yọ ẹnu sójú omi, wọ́n á máa là á, wọ́n á máa pa á dé. Bàbá onílé jáde láti yàrá, wọ́n dúró síwájú àpótí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń kí mi káàárọ̀!" Wọ́n tún bu oúnjẹ fún wọn nítorí ẹ̀kọ́ ilé.

Ẹ̀yìnkùlé ilé kan náà ni àrọ̀ wà nínú ọ̀gbun onítapólì, nínú omi tí èèyàn ò lè ki ọwọ́ bọ̀. Kò kú. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara tó fi ń gba afẹ́fẹ́ òkè sínú. Àrọ̀ ni bàbá fi ń ṣe ìwọ̀n fún ẹja gbogbo, ibẹ̀ ni ìṣòro ti wá.

Àmì funfun wíníwíní yọ lára ẹja kan. Wọ́n ra oògùn, wọ́n dà á sí i lẹ́ẹ̀kan, àmì náà pòórá, wọ́n ṣọpẹ́. Kòkòrò tó fa àmì náà kò kú o. Ó bọ́ lára ẹja, ó lọ jókòó sílẹ̀ àpótí, ó ń pín sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ. Àsìkò tí àwọn ọmọ náà ń lúwẹ̀ẹ́ wá ẹja kiri nìkan ni oògùn ń ká wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún un dà fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọpẹ́ parí.

Wọ́n wá ra ẹja agbálẹ̀, èyí tí irú rẹ̀ wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, pé kó máa bá wọn jẹ ọ́ run. Ó jẹ ọ́ lóòótọ́, fún oṣù díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dàgbà kọjá 30 sẹ̀ǹtímítà, ó ń yàgbẹ́ ju àwọn tó bá nílé lọ, ìgbẹ́ rẹ̀ sì di oúnjẹ fún ọ. Ta ló tún rí ọba tí ọlọ́pàá rẹ̀ ń fún ní owó orí?

Ó yá, Ọ̀yọ́ ń dúró. Àbúrò gbin Anubias barteri, ewé líle kan tó jẹ́ ọmọ etídò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa níbí. Charles Barter ni wọ́n fi sọ ọ́, òyìnbó onímọ̀ ewéko tó tẹ̀ lé Baikie, olórí ìrìnàjò wọn, gun odò Ọya, tó kú ní Rabba ní 1859, ọdún kan náà tí Aláàfin Àtìbà wàjà. Ewé wa ni, a sì ń fi owó ńlá rà á padà. Àbúrò bo ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá bí ẹní ń gbin iṣu, ó jẹrà. Orí òkúta tàbí igi ni wọ́n ń so ó mọ́. Èyí tó yè ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, ìwọ sì fẹ́ràn ewé tí kì í sáré. O tẹ́ ẹní sórí rẹ̀. Àwọn ewéko yòókù ń ké: èyí tí ewé àgbà rẹ̀ ń pọ́n ń wá náítírójìn, èyí tí ewé tuntun rẹ̀ funfun ń wá irin. Àbúrò ní ajílẹ̀ àgbàdo ni òun yóò fi sí i. Kábíyèsí, ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń sìn yín?

Àgbà ìdílé rẹ nípa ìwà ni ewéko olódòdó àlùkò tó gba Badagry wọ Nàìjíríà ní 1984, tó sì dí ọ̀nà mọ́ apẹja Èkó. Mo bẹ̀bẹ̀, ẹnikẹ́ni má ṣe da omi àpótí yìí sódò Ọ̀bà.

Ṣùgbọ́n omi ti ní olówó orí kí o tó dé. Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Bí wọ́n bá fi ojú oró díẹ̀ sójú omi, á jẹ ìṣákọ́lẹ̀ rẹ, á sì ṣíji bò ọ́, kí wọ́n ṣáà máa yọ ojú oró náà dànù tó bá ti ń kún. Láyé Ọ̀yọ́ Ilé, ọba tí ìlú bá kọ̀, Baṣọ̀run á gbé igbá òfìfo fún un. Garawa òfìfo la gbé wá fún ọ: ìdá kan nínú mẹ́rin omi kí ó máa jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, omi ẹ̀rọ tó ti sùn di ọjọ́ kejì kí ó rọ́pò rẹ̀, fọ́ọ̀mù kí a fi omi àpótí fọ̀ ọ́, oúnjẹ tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì, iná wákàtí mẹ́jọ, kí àpótí sì kúrò lójú fèrèsé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ẹja kí Iléyá tó dé, àpótí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹ pọn omi sí i, ẹ tan fílítà, ẹ máa fọ́n oúnjẹ díẹ̀ sí i fún oṣù kan ààbọ̀. Ẹja ò ní tán lọ́jà.