Àǹtí Elétò

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí ní ọ́fíìsì yín, á wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì yín. Bí kò bá sì sí níbẹ̀, ìyàwó àbúrò ọkọ yín ni. Ẹ ó jókòó síbi ìpàdé, òun náà á jókòó, á gbé báàgì kan lé tábìlì gbì, á fa síìpù, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù jáde bí alátẹ tó ń pàtẹ: ìwé gìrìwò tí wọ́n fi rọ́bà gbá láyà, bírò mẹ́fà aláwọ̀ mẹ́fà, rúlà, sísọ́ọ̀sì tí ẹnu rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ, sítíkà olólógbò, téèpù olódòdó láti Japan. Alága ti ṣàdúrà tán, wọ́n ti dé orí ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ owó ti fẹ́ dìjà, Àǹtí Elétò ṣì ń fa ìlà kejì sábẹ́ “Ìpàdé”.

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àbúrò mi ni níbi iṣẹ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì, kò sì sí ibi tó ti rí mi tí orúnkún rẹ̀ kì í kanlẹ̀. Ọmọ gidi ni. Ìwé rẹ̀ ni mo ń bá jà.

Inú Oṣù Kejìlá ni ọ̀rọ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìgbà yẹn ni àwọn báńkì, àwọn iléeṣẹ́ àti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì máa ń pín dáyárì, tí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú kì í fojú kan oorun. Àwa yòókù mọ ohun tí dáyárì ọ̀fẹ́ wà fún. A óò ṣí i, a óò fi ọwọ́ tó dára kọ orúkọ wa síwájú, a óò kọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára wa, a óò kọ ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣe wá, a óò kọ ohun mẹ́ta sínú Oṣù Kìíní, ó parí. Láti ibẹ̀, ìwé náà á bọ́ sọ́wọ́ télọ̀. Ti 2016 ni télọ̀ tèmi ń lò títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ 14 Oṣù Kẹfà ni àyà mi wà, ìbàdí mi ṣẹ́ wọ ọjọ́ 15. (Ọjọ́ tí aṣọ máa jáde nìkan ni kò sí nínú ìwé náà.) Èyí tí télọ̀ bá lò kù, ìyá alákàrà á máa ya á léwé kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n Àǹtí Elétò kì í gba dáyárì ọ̀fẹ́. Ó ní ó ti gbẹ jù. Pílánà ló ń rà, èyí tí owó rẹ̀ tó ra ìdajì àpò gààrí, tí wọn kò sì tẹ ọjọ́ kankan sí. Àpótí òfìfo méje ló wà lójú ewé méjì, ẹni tó ra ìwé ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ déètì sí i láti Oṣù Kìíní títí dé ìparí ọdún. Ó ní ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìwé di ti ẹni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà bá a.

Ó sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ ará Amẹ́ríkà kan ni òun ti kọ́ ọ, Ryder Carroll, ẹni tó gbé ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Bullet Journal jáde lọ́dún 2013. Mo wádìí ọkùnrin náà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í gbé ojú kan láti kékeré ni, ló bá wá ọgbọ́n tí yóò fi kó ara rẹ̀ jọ: ìwé kan, bírò kan, àmì tóótó síwájú iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, ìlà kékeré síwájú ohun tó fẹ́ rántí, ó tán. Ẹ̀kọ funfun lọkùnrin yẹn gbé kalẹ̀. Àwọn Àǹtí Elétò ayé ló bu ẹran, ẹja àti pọ̀ǹmọ́ lé e lórí.

Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọ̀ ewé ni owó. Búlúù ni ọ́fíìsì. Pupa ni ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ẹ̀jẹ̀ Jésù. Àwọ̀ ọsàn ni ẹbí. Àlùkò ni “ìtọ́jú ara mi”, ó sì ń tán kíákíá. Píǹkì ni ọkọ. Bírò píǹkì kan ló ti ń lò láti ọdún tó kọjá.

Mo sùn sílé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan tí òjò ká mi mọ́ Yábàá. Alẹ́ Àìkú ni alẹ́ ètò, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀wà wà lórí iná. Ó ti pàtẹ, ó ti ṣí ojú ewé ọ̀sẹ̀ tuntun, ni NẸ́PÀ bá mú iná. Ó pe Ayọ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, pé kó wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí òun lọ́wọ́. Kí ló fẹ́ yà? Ife omi. Ó ní èèyàn gbọ́dọ̀ mu ife omi mẹ́jọ lóòjọ́, nítorí náà ó ń ya ife mẹ́jọ sábẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, bó bá ti mu ọ̀kan, á kun ọ̀kan. Mẹ́jọ lọ́nà méje, ẹ ṣírò ọ. Ife kọ̀ọ̀kan ló sì ní etí tí wọ́n fi ń dì í mú, ló ní òjìji lábẹ́, bí ẹni pé ó jókòó sórí tábìlì. Ọwọ́ Ayọ̀ ń gbọ̀n, oorun ń gbé ọmọ náà lọ, ìyá rẹ̀ ń sọ pé, “Gbé e sókè díẹ̀, òjìji ẹ ti bo ife mi.” Òórùn ẹ̀wà tó jóná ló gbà wá sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé, omi ẹyọ ife kan kò tíì kan ẹnu àbúrò mi yìí.

Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì òru, adúgbò hó yèè: “Ọ́ọ̀p NẸ́PÀ!” Gbogbo ilé dìde. Ẹ ń gbọ́ ẹ̀rọ omi tó ń dún lápá ibí, ẹ ń gbọ́ bùlẹ́ńdà lápá ọ̀hún, ẹnì kan ń lọ aṣọ, ẹnì kan ń gba fóònù gbogbo ìdílé jọ sídìí iná. Mo jí àbúrò mi: “Dìde, kí o lọ aṣọ iṣẹ́ ọ̀la.” Ó la ojú kan, ó ní, “Àǹtí mi, Àbámẹ́ta aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni aṣọ lílọ.” Ó padà sùn. Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ síkẹ́ẹ̀tì kan tó dà bí ewé mọ́ínmọ́ín tí wọ́n ti jẹ inú rẹ̀ tán lọ síbi iṣẹ́.

Kó tó jáde, ó kọ́kọ́ ṣí ìwé. Ohun àkọ́kọ́ tó wà níbẹ̀ ni “Jí”. Ó sààmì sí i. Ìkejì ni “Gbàdúrà”. Ó sààmì sí i, nígbà tó yá ó rántí pé òun kò tíì gbà á, ó wá gbà á wéré lẹ́nu ọ̀nà. Níbi tó ti ń gbàdúrà ni aṣojú onílé ti ká a mọ́, wọ́n fa ọ̀rọ̀ owó ilé títí ohùn fi lọ sókè. Bó ṣe wọlé padà, ó fi bírò kọ ọ́ kún iṣẹ́ ọjọ́ náà pé “Bá onílé jà”, ó sì sààmì sí ìyẹn náà.

Àwọn tó ń kọ dáyárì ṣáájú wa kò mọ irú èyí. Akínpẹ̀lú Ọbíṣẹ̀san ará Ìbàdàn kọ tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láyé ìjọba òyìnbó, dáyárì náà sì wà ní ilé-ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn di òní. Bàbá náà kò fi àìrówó àti gbèsè tó ń bá a fínra pamọ́ fún ìwé rẹ̀. Ní ti àbúrò mi, àpótí kan wà nísàlẹ̀ ojú ewé tí òun pè ní “Mo dúpẹ́ fún”, ohun mẹ́ta lóòjọ́. Mo yọjú wo ti ọjọ́ Ẹtì tó kọjá: ẹ̀mí, ọmọ, téèpù tuntun.

Ọkọ rẹ̀ jẹ́ onísùúrù. Nínú ìwé náà, Ọjọ́bọ̀ lójú alẹ́ ni “Bá Dádì Ayọ̀ sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú 15”. Nígbà kan, ó máa ń bínú sí i. Nísinsìnyí ó ti mọ ọgbọ́n rẹ̀. Bí ìyàwó bá ti sùn, á mú pẹ́ńsù, á rọra kọ tirẹ̀ sínú àpótí ọjọ́ kejì: “Ẹ̀fọ́ rírò, ẹ jọ̀ọ́.” Ẹ̀fọ́ sì máa ń wà nílé lọ́jọ́ náà.

Ìyá rẹ̀ tó bí i kò kàwé. Ìlú wọn lápá Òkè-Ògùn ni màmá wà, ó ń ta èlùbọ́ ní ọjà ọrọọrún. Èédú ló fi ń fa ìlà gbèsè sára ògiri, ó sì mọ ìlà ta ni èwo, ó mọ èyí tó ti di ìtàdógún tí onígbèsè rẹ̀ ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Nígbà tí màmá wá sí Èkó, ó wo pílánà náà títí, ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, ó ní, “Ó mà dára o. Ta ló jẹ ọ́ ní gbèsè nínú gbogbo wọn?”

Èmi náà dá sí i lọ́jọ́ yẹn. Mo ní Ṣómólú tí wọ́n ti ń tẹ dáyárì yìí náà ni Alphaeus Táíwò Olúnáíkẹ̀ ti gba àjọ, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Alájọ Ṣómólú. Wọ́n ní bàbá yẹn kì í kọ owó ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kì í sì í ṣi owó san. Òun la ṣe ń sọ fún ẹni tó bá gbọ́n pé orí ẹ̀ pé bí orí Alájọ Ṣómólú, tó ta mọ́tò tó fi ra kẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ àbúrò mi lára. Ó ní kí n tún un sọ díẹ̀díẹ̀. Ó ya kẹ̀kẹ́ náà, ó fi àwọ̀ ọsàn kun táyà iwájú, ó fi àlùkò kun ti ẹ̀yìn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi ojú ewé náà hàn mí, ó ní, “Àǹtí mi, kẹ̀kẹ́ ta ni mo yà síbí?”

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìdána ọmọ mi. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 4 Oṣù Keje. Mo ti sọ fún un láti oṣù mẹ́ta ṣáájú, ó ti ra aṣọ ẹbí, ó ti sanwó. Lọ́jọ́ náà n kò rí i. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹfà, fóònù kò wọlé, nítorí Àbámẹ́ta ni fóònù máa ń sinmi nínú ìwé rẹ̀. Àwọn àna dé, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n lọ.

Lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́rin ń bó ìkòkò lẹ́yìnkùlé, àwọn ọmọkùnrin ń tú kánópì, ni géètì bá ṣí. Gèlè ló kọ́kọ́ wọlé. Léèsì aṣọ ẹbí, bàtà, pọ́ọ̀sì, ẹ̀bùn tí wọ́n fi ìwé dídán wé. Etí búbà rẹ̀ kò ní igun kan, bí ẹni pé eku jẹ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ: “Àǹtí mi, ẹ kú ìnáwó o. Ṣé àwọn àna ò tíì dé ni?”

Ẹnikẹ́ni kò lè rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ó ti bi í lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pé àbí òní kọ́, ìyàwó gbé ìwé lé e lọ́wọ́, ó dákẹ́.

Ó yọ ìwé náà fún mi. N kò rí ojú ewé tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. “ÌDÁNA” wà níbẹ̀ lọ́wọ́ dídára, òdòdó kékeré fún orúkọ ìyàwó, ọ̀kan fún ti ọkọ, igun búbà tí mo ń wá sì rèé tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ àwọ̀. Ọjọ́ 4, Àìkú. Mo wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri mi, eléyìí tó ní àwòrán Kábíyèsí. Ọjọ́ 4, Àbámẹ́ta. Mo ṣí ìwé rẹ̀ padà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì rí i. Ó fún Oṣù Kẹfà ní ọjọ́ 31. Oòrùn kékeré tó ń rẹ́rìn-ín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ife omi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló kùn, aṣọ ti di lílọ, owó iná ti di sísan, àdúrà, ọkọ, gbogbo rẹ̀ ló ní àmì. Nínú gbogbo ọdún tó wà nínú ìwé yẹn, ọjọ́ tí kò sí yìí nìkan ló pé.

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ojú rẹ̀ rọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, mo ní kò sí nǹkan, kó dìde kúrò nínú omi. Kò dìde. Ó fa síìpù báàgì, ó kó bírò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde, ó tẹ́ wọn sórí ìdérí ìkòkò.

“Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀ wo ni kí n fi kọ ẹ̀bẹ̀?”

Mo mú píǹkì fún un. Òun ló kún jù.